Ọ́ìlì wo ni ká rọ sínú ẹ̀rọ agékoríko tó ń fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́ l'Ékòó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sùúrùlérè ni mò ń gbé, koríko gígé ni iṣẹ́ mi, Ìkòyí àti Victoria Island la ti ń ríṣẹ́ jù. Mo ní ẹ̀rọ onítìtì mẹ́ta tí ẹ́ńjìnì wọn jẹ́ Honda GXV160, mo ní ọ̀kan tí èèyàn ń jókòó lé, ẹ́ńjìnì Kawasaki onípístìn méjì ló wà lára ìyẹn, mo sì ní mẹ́rin tí àwọn ọmọ ń gbé kọ́ èjìká, àwọn tí à ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù wọn. Mẹkáníìkì mi ní 20W-50 ni kí n máa rọ sí gbogbo wọn. Ẹni tó ń ta ọ́ìlì fún mi ní Ládípọ̀ ní irọ́ ni, pé 5W-30 olówó gọbọi ló dáa jù. Mo gba tẹni tó ń tà á. Ní báyìí, ọ̀kan nínú àwọn onítìtì ti ń mu ọ́ìlì, ó ń rú èéfín búlúù. Nínú òjò ọdún yìí náà, méjì nínú àwọn àgbékọ́jìká ti nọ́ọ̀kì. Ọ́ìlì wo gan-an ni kí n máa rà, ìgbà wo ló sì yẹ kí n máa pààrọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá o, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èsì rẹ̀ wéré, ká tó wá tú u palẹ̀. Fún àwọn onítìtì, ẹ fi 5W-30 sílẹ̀, SAE 30 lásán tí kò ní W kankan lára ni kí ẹ rọ sí wọn (SAE ni àmì ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó). Bí ẹ ò bá rí i rà, 15W-40 tó jẹ́ ojúlówó á ṣe é. Èyí tí ẹ̀ ń jókòó lé, 10W-40 ni tirẹ̀, àfi tó bá ti gbó tó ti ń mu ọ́ìlì, ìgbà yẹn ni 20W-50 lè wọ̀ ọ́. Ti àwọn àgbékọ́jìká yàtọ̀ pátápátá: ọ́ìlì two-stroke (èyí tí à ń po mọ́ bẹntiróòlù) tí wọ́n kọ JASO FC tàbí FD, àmì ìdánwò àwọn ará Japan, sí lára ike rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú wọn. 20W-50 ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá.

Nọ́ńbà méjì tó wà lára ọ́ìlì ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. W tó wà láàárín, ìgbà òtútù àwọn òyìnbó ló dúró fún. Nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì yẹn ṣe máa ń ṣe nínú òtútù líle, kò sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Wọ́n máa ń dán 20W wò ní −15°C, wọ́n máa ń dán 5W wò ní −30°C. Fírísà tí àwọn ẹlẹ́ja tútù fi ń to pànlá, nǹkan bíi −18°C ló máa ń wà. Ẹ wò ó báyìí: 5W tí ẹ rà, wọ́n ṣe é kí ẹ́ńjìnì lè yí nínú òtútù tó ju ti inú fírísà ẹlẹ́ja lọ fíìfíì. L'Ékòó ńkọ́? Kódà nínú ọyẹ́, òwúrọ̀ kùtùkùtù kì í sábà tutù ju 20°C lọ. Owó òtútù tí kò ní wá lẹ̀ ń san.

Nọ́ńbà kejì ló kàn wá. Òun ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó ní 100°C, tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná dáadáa. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ kíki rẹ̀ ni cSt. Ọ́ìlì 30 máa ń wà láàárín 9.3 sí 12.5, ọ́ìlì 50 máa ń wà láàárín 16.3 sí 21.9. Ìyẹn ni pé 50 fẹ́rẹ̀ẹ́ ki tó 30 ní ìlọ́po méjì nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. SAE 30 àti 5W-30 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ki bákan náà ní 100°C. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi ń gbé e tí èkejì ń sá?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n ló yàtọ̀. Kí 5W-30 tàbí 10W-30 tó lè ṣàn nínú òtútù, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá po èròjà kan mọ́ ọn tó máa ń wú nígbà tó bá gbóná, kó má bàa ṣàn jù. Nínú ooru ojoojúmọ́ àti bí àwọn irin ṣe ń lọ̀ ọ́, èròjà yẹn á máa gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, agbára rẹ̀ á máa dínkù. Èyí tó fẹ́lẹ́ nínú ìpìlẹ̀ náà á sì máa fẹ́ lọ bí oru, á gba ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí, á padà sínú kabúrétọ̀, á jóná. Èéfín búlúù nìyẹn. Briggs & Stratton kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ẹni tó bá lo 10W-30 níbi tí ooru rẹ̀ ju 27°C lọ lè rí i kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa mu ọ́ìlì ju bó ṣe yẹ lọ. Oṣù wo nínú ọdún ni ọ̀sán Èkó kì í kọjá 27°C? SAE 30 kò ní gbogbo wàhálà yẹn nínú. Ọ́ìlì kan ṣoṣo ni, bó ṣe wà ló máa ń wà.

Ká sọ òótọ́ sí i: 5W-30 tó jẹ́ sintẹ́tíìkì pátápátá, tó sì jẹ́ ojúlówó, kì í ṣe ọ́ìlì burúkú. Briggs & Stratton kan náà fọwọ́ sí i. Honda náà, 10W-30 ló kọ fún ìlò gbogbogbòò, ó sì fi SAE 30 sí i fún ibi tó bá gbóná. Èyí tí ẹ rà lè jẹ́ ayédèrú, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn ti ní àìsàn tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ́ìlì tó ṣàn kàn tú àṣírí rẹ̀. A máa dé ibẹ̀.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì le tó báyìí lára ẹ̀rọ agékoríko ni pé kò ní rédíétọ̀. Ọkọ̀ ní omi tó ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnì. Ẹ̀rọ agékoríko kò ní ju fáànù àti àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí orí ẹ́ńjìnì ká lọ, ọ́ìlì ló ń bá wọn ru ìyókù. Ọ́ìlì ọ̀hún ò sì pọ̀. Nínú GXV160, nǹkan bí lítà 0.65 ni, kò kún ìgò omi 75cl. Ọkọ̀ kékeré ń gbé bíi lítà 4. Ìgò omi tí kò kún yẹn ló ń forí ti ooru láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́ta ọ̀sán nínú oòrùn Ìkòyí. Bí koríko gbígbẹ bá wá di àárín àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn, kò sí ọ́ìlì tó máa gbà á sílẹ̀. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kó o kúrò lálaalẹ́. Ẹ má ṣe da omi sí i nígbà tó bá ṣì gbóná.

Mẹkáníìkì yín kò purọ́ o, oògùn kan náà ló kàn fẹ́ fi wo gbogbo àìsàn. 20W-50 kò ní pa ẹ̀rọ onítìtì lọ́jọ́ kan. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnì kékeré kò ní pọ́ńpù ọ́ìlì, nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan nínú ikùn wọn ló ń ta ọ́ìlì káàkiri bí ẹni ń fi ṣíbí bu omi wọ́n. Ọ́ìlì tó bá ki jù, ó máa ń pẹ́ kó tó dé òkè nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á láàárọ̀, ẹ́ńjìnì á máa fi agbára tì í, bẹntiróòlù á sì máa lọ. Ẹ fi í pamọ́ fún èyí tó ti gbó, tí ríǹgì rẹ̀ ti jẹ, tí ẹ kò tíì lówó àtitún un ṣe.

Kawasaki yẹn ní pọ́ńpù, ó sì ní fíltà ọ́ìlì. Nǹkan bí lítà 2 ló ń gbà tí ẹ bá pààrọ̀ fíltà pọ̀ mọ́ ọn. Ìwé wọn ní kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn wákàtí 8 àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ tuntun, lẹ́yìn náà ní wákàtí 100, kí fíltà jẹ́ 200. Pẹ̀lú iyanrìn Victoria Island, ẹ jẹ́ kí fíltà náà jẹ́ 100. Owó rẹ̀ kò tó owó bẹ́ríìngì. Níbi kan ṣoṣo lára ẹ̀rọ yẹn ni 20W-50 ti lè jẹ́ ọ̀gá: inú àpótí tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ajókòólé tó ń lo àpótí Hydro-Gear, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 20W-50 ni wọ́n ní ká rọ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń rọ ọ́ìlì pupa ti jíà ọkọ̀ síbẹ̀ torí wọ́n rò pé bí jíà bá ṣáà ti jẹ́ jíà, ọ́ìlì pupa ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpótí yẹn kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan.

Ẹ wá jẹ́ ká wo èyí tó ń rú èéfín. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ohun àkọ́kọ́ ni bí àwọn ọmọ ṣe ń wo gééjì. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí, kí ó ti wà ní pípa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n yọ gééjì, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n kì í bọ̀ ọ́ láì lọ́ ọ, kí wọ́n wá yọ ọ́ wò. Lára Honda, a kì í lọ́ gééjì wọlé tá a bá fẹ́ wò ó. Bí wọ́n bá ń lọ́ ọ wọlé, gééjì á wọlẹ̀ jù, á máa purọ́ pé ọ́ìlì kún nígbà tí kò tó. Ilé iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé lílọ́ ni wọ́n fẹ́, ìdí nìyẹn tí ìwé ẹ̀rọ kì í fi í ṣe ohun àjùsígbó.

Àkúnjù náà ń fa èéfín. Ọmọṣẹ́ tó bá rọ gbogbo ìgò 75cl sí GXV160 ti rọ ọ́ jù. Irin tó ń yí nínú rẹ̀ á máa lu ọ́ìlì bí ẹni po ọṣẹ, á hó, ìfófòó rẹ̀ á gba ihò mímí lọ sínú fíltà afẹ́fẹ́. Ẹ yọ fíltà afẹ́fẹ́ wò: bó bá rin fún ọ́ìlì, ó kún jù ni, tàbí àwọn ọmọ dojú ẹ̀rọ dé sí apá ibi tí kò yẹ nígbà tí wọ́n fẹ́ fọ abẹ́ rẹ̀. Ìhà kabúrétọ̀ àti fíltà ló gbọ́dọ̀ máa kọjú sókè, kí ojú púlọ́ọ̀gì wà lókè náà.

Òmíràn wà tó léwu ju èyí lọ. Ẹ fi imú gbọ́ òórùn gééjì. Bí ó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, tí ọ́ìlì sì ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rọ sí i, abẹ́rẹ́ inú kabúrétọ̀ kò dé mọ́, bẹntiróòlù ń jò sọ́kalẹ̀ sínú ọ́ìlì mọ́jú. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà lójú ẹsẹ̀, kí àwọn ọmọ sì máa pa kọ́ọ̀kù bẹntiróòlù nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀. Ìrìn àjò láti Sùúrùlérè dé Ìkòyí, pẹ̀lú gbogbo gbígbọ̀n-ọ́n orí afárá, ti tó láti da bẹntiróòlù sínú ikùn ẹ́ńjìnì tí kọ́ọ̀kù rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá mọ́, ẹ rọ SAE 30 sí i, kí ẹ lò ó dé ìgbà méjì tí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí èéfín bá ṣì ń rú nígbà tó bá ń gé koríko tó dí, ríǹgì ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, fíltà afẹ́fẹ́ tó ya ló jẹ ẹ́. Iyanrìn tó bá gba ibẹ̀ wọlé á po mọ́ ọ́ìlì, á sì di sàǹpépà tó ń fá ojú sílíńdà.

Ibi tí owó yín ti ṣòfò jù ni àwọn àgbékọ́jìká. Ẹ́ńjìnì two-stroke kò ní ikùn tí ọ́ìlì ń gbé. Èyí tó bá bá bẹntiróòlù wọlé ni gbogbo ohun tí pístìn, ríǹgì àti bẹ́ríìngì máa rí, yóò sì bá èéfín jáde. Bí kò bá tó, tàbí tí kì í ṣe irú èyí tó yẹ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Bí ẹni bá po 20W-50 mọ́ bẹntiróòlù, kì í pò dáadáa, ó máa ń wá ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì lọ. Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ mu nínú kẹ́ẹ̀gì náà á mu bẹntiróòlù lásán, èyí tó mu ìkẹyìn á mu ọ́ìlì. Èyí tó bá sì jóná nínú rẹ̀ á fi eérú àti èédú líle sílẹ̀ lórí pístìn àti lójú púlọ́ọ̀gì, ríǹgì á lẹ̀ mọ́ ojú ihò rẹ̀. Kò yàtọ̀ sí ohun tó pa ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour láyé ìjọsí.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ́ìlì ọkọ̀ ojú omi náà. Èkó kún fún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi, láti Mákòókò títí dé Ìkòròdú, nítorí náà ọ́ìlì two-stroke tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára wọ́pọ̀ lọ́jà, àwọ̀ rẹ̀ sì lè jọ tiyín. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi lára. Wọ́n ṣe TC-W3 láìsí èròjà onírin tó ń fọ pístìn, torí ẹ́ńjìnì yẹn kì í gbóná tó tiyín. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń tu àgbékọ́jìká lára, TC-W3 á máa jóná mọ́ orí pístìn rẹ̀. JASO FC tàbí FD ni kí ẹ wá, tàbí ISO-L-EGD. FD ló ń fọ pístìn mọ́ jù.

Bí a ṣe ń pò ó wá kù. Bí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ 50:1, ìyẹn ni ml 20 fún lítà bẹntiróòlù kan: ml 100 fún lítà 5, ml 200 fún lítà 10, ìdajì lítà fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Stihl ní 50:1 tó bá jẹ́ ọ́ìlì tiwọn lẹ lò, àwọn ìwé wọn sì ní 25:1, ìyẹn ml 40 fún lítà kan, tó bá jẹ́ ọ́ìlì two-stroke mìíràn tó ní àmì TC (ti ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ ń tù lára, kì í ṣe TC-W3). Husqvarna ní 50:1 pẹ̀lú ọ́ìlì tiwọn, 33:1 pẹ̀lú òmíràn, ìyẹn ml 30. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti China wá, 25:1 ni wọ́n kọ sí wọn lára. Ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń mu oríṣi mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, kí ẹ fi pẹ́ńtì kọ nọ́ńbà sí wọn lára ní ọ̀nà tí ọmọ tí kò ka ìwé á fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yé fi ìdérí ìgò wọn ọ́ìlì. Ìdérí kì í dọ́gba, ojú sì ń tàn wá. Ẹ ra ike fídà ọmọ, èyí tó ní àmì ml lára, ẹ fa àmì pupa sí 100 àti 200. Ẹ da ìdajì bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ da gbogbo ọ́ìlì sí i, ẹ dé e, ẹ mì í títí tí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba, kí ẹ tó wá da ìdajì tó kù sí i, kí ẹ tún mì í. Kí wọ́n máa mì í lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó bu nínú rẹ̀. Èyí tó bá ti lé lóṣù kan, ẹ má lò ó mọ́. Lásìkò òjò, ìdérí kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ dé pinpin, torí omi tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ń lọ sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹnu ọ̀pá tó ń fa bẹntiróòlù nínú tánkì wà.

Àwọn kan á ní, ẹ jẹ́ ká rọ ọ́ìlì pọ̀ sí i, kò lè ṣèèyàn níbi. Ó lè ṣe é. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, bẹntiróòlù tó ń gba ihò kabúrétọ̀ á dínkù, iná inú rẹ̀ á gbẹ, á gbóná sí i. Èédú á sì dí ẹnu sàlẹ́ńsà.

Kí ẹ tó ra sílíńdà tuntun fún àwọn méjì tó nọ́ọ̀kì, ẹ tú sàlẹ́ńsà wọn kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo pístìn láti ojú ihò yẹn, kí ẹ wá yọ sílíńdà kí ẹ wo ìyókù rẹ̀. Bí ojú pístìn bá ha yíká-yíká, níwájú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ́ìlì ni kò sí nínú bẹntiróòlù tó mu: ẹnìkan ti rọ bẹntiróòlù lásán sí i. Bó bá jẹ́ ìhà sàlẹ́ńsà nìkan ló ha, ooru ni: kabúrétọ̀ tí wọ́n yí gbẹ jù, tàbí koríko tútù tó dí ẹnu fáànù, èyí tó wọ́pọ̀ nínú òjò. Bó bá jẹ́ ìhà kabúrétọ̀ ló ha tó sì rí bíi pé wọ́n fi sàǹpépà yùn ún, eruku ló wọlé, fíltà ló jẹ̀bi. Sílíńdà tuntun tí ẹ bá gbé lé àìsàn tí ẹ ò mọ̀ á tún nọ́ọ̀kì kí oṣù tó parí.

Ti ìgbà pípààrọ̀. Ìwé Honda ní wákàtí 20 àkọ́kọ́ fún ẹ̀rọ tuntun, lẹ́yìn náà wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Èyí wà fún ìlò tó rọrùn. Fún onítìtì tó ń ṣe iṣẹ́ owó nínú ooru, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 50. Ẹ má fi oṣù kà á. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 7 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, wákàtí 42 nìyẹn, 50 á pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹni tó ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lòun ń pààrọ̀ tirẹ̀ ti ṣiṣẹ́ wákàtí tó lé ní 160 lórí ìgò ọ́ìlì tí kò kún. Ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀, kí ọmọ tó lo ẹ̀rọ máa kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ lálaalẹ́, ti tó. Gálọ́ọ̀nù lítà 4 kan á pààrọ̀ ọ́ìlì onítìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mejì géérégé.

Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, kí ìdọ̀tí lè bá ọ́ìlì jáde. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, torí abẹ lẹ fẹ́ fọwọ́ kàn yí ká. Ẹ fi àkísà nu eruku ẹnu ihò kí ẹ tó ṣí i. Ẹ jẹ́ kó kán tán fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú abọ́ funfun, kí ẹ wá wò ó dáadáa. Bó bá dúdú, kò burú, iṣẹ́ ìfọ̀ ló ń ṣe. Bó bá rí bí ògì tí wọ́n po mílíìkì mọ́, omi ti wọ̀ ọ́. Bí nǹkan bá ń dán wínní-wínní nínú rẹ̀ lábẹ́ oòrùn, irin ń jẹ irin, ẹ pe mẹkáníìkì. Lítà 0.6 ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ padà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ wo gééjì, kí ẹ wá máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Inú ọ̀rá ni kí àrọ tí ẹ fi ń rọ ọ́ máa wà, kì í ṣe ilẹ̀ bùútù ọkọ̀ lórí iyanrìn.

Lọ́jà, lẹ́tà méjì ni kí ojú yín wá lẹ́yìn nọ́ńbà: API (àjọ epo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń pín ọ́ìlì sí ìpele) SJ tàbí èyí tó gbà lẹ́yìn rẹ̀, SL, SM, SN, SP. SL jáde ní 2001, SN ní 2010, SP ní 2020. Ẹ máa rí gálọ́ọ̀nù tó rọjú tí wọ́n kọ SA tàbí SF sí. API fúnra wọn sọ pé SA kò yẹ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1930, SF kò sì yẹ èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988. Tó bá jẹ́ 15W-40 ti ẹ́ńjìnì dísù, ẹ rí i pé lẹ́tà S, ti ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù, náà wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ CI-4, kì í ṣe C ti dísù nìkan. Ọ́ìlì ọ̀kadà four-stroke tó jẹ́ ojúlówó náà á ṣe é lọ́jọ́ tí ọwọ́ ò bá tẹ òmíràn.

Èyí tí wọ́n ń fà nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ wo ìdérí gálọ́ọ̀nù, kí òrùka rẹ̀ má ti já. Ẹ wá nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ike fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n: lítà 4 ọ́ìlì máa ń wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 3.5, láìka ike. Fífi ìka méjì yí i wò bí àwọn oníṣòwò ṣe ń ṣe kò sọ nǹkan kan fún yín. Ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n sẹ́ náà máa ń yọ̀ lọ́wọ́.

Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì àlòkù, tí ẹ bá dà jáde, ẹ má dà á sí gọ́tà, ọ̀sà ló ń lọ tààrà, àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù sì ń rà á láti fi pa ojú móòdù wọn. Ẹ kó o jọ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní àmì. Kí ọmọṣẹ́ kankan má ṣe po ó mọ́ bẹntiróòlù àgbékọ́jìká láti fi ṣọ́ owó.

Ó ku orí àgbékọ́jìká, níbi tí abẹ ti ń yí. Gíríìsì ló ń gbé inú jíà kékeré ibẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì. Ní gbogbo wákàtí 25, ẹ tú ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Bí ẹ ò bá rí gíríìsì lẹ́nu ihò, ẹ tẹ bíi gíráàmù 5 sí i. Ẹ má kún un dẹ́nu, torí bó bá gbóná, á máa wá ọ̀nà jáde gba ojú síìlì.